Ta Ló Ní Kó O Ṣáájú Màmá Jẹun?

Àníkẹ́, jókòó síbí. Gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Láti àná ni ọ̀rọ̀ màmá ọ̀rẹ́ rẹ ọmọ Kòríà yẹn ti ń dùn mí. Kí àgbàlagbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún gbóúnjẹ kalẹ̀ fún yín ní New Malden ní London, kí ìwọ sì kọ́kọ́ ki ṣíbí bọ ọbẹ̀! Ṣé bí a ṣe kọ́ ẹ nílé nìyẹn?

O ní o ò mọ̀. Kí ni o ò mọ̀ níbẹ̀? Lọ́dọ̀ àwọn ará Kòríà, bí àgbà kò bá tíì gbé ṣíbí, ọmọdé kì í fọwọ́ kan oúnjẹ. Bí àgbà bá na nǹkan sí ẹ, ọwọ́ méjèèjì lo máa fi gbà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá mi kọ́ mi kí n tó mọ A, B, D, bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì kọ́ ẹ.

Ti ṣíbí yẹn ló tún burú jù. O gún un dúró ṣánṣán sáàárín ìrẹsì, o wá ń tẹ fóònù. Àníkẹ́! Oúnjẹ òkú ni wọ́n ń gún ṣíbí sí bẹ́ẹ̀, nígbà tí wọ́n bá ń rántí àwọn baba ńlá wọn. O ní màmá rọra nawọ́, wọ́n yọ ṣíbí náà, wọ́n tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ rẹ, wọn ò sọ nǹkan kan. Omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo gbọ́ ọ.

O tún ní kimchi ń rùn. Ìwọ tí irú wà nínú fíríìjì rẹ, tí o fi ọ̀rá mẹ́ta wé e kí àwọn tẹ́ ẹ jọ ń gbélé má baà gbóòórùn rẹ̀! Mo ti bá aládùúgbò mi kan ṣe kimchi rí. Iyọ̀ la kọ́kọ́ rẹ kábéèjì sí mọ́jú, a ṣàn án, a wá fi ata gígún, aáyù, atalẹ̀ àti edé oníyọ̀ pa á lára ní ewé kọ̀ọ̀kan. Ata náà ta mí lọ́wọ́ dalẹ́. Lẹ́yìn náà ló ń kan nínú ìkòkò, bí ògì. Ní Kòríà, bí òtútù bá ti ń wọlé, tẹbí-tará ló ń péjọ ṣe é, wọ́n á sì pín in fún ara wọn. Kimjang ni wọ́n ń pè é. Lọ́dún 2013 ni UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn àṣà ìbílẹ̀ tó yẹ kí aráyé tọ́jú. Iṣẹ́ ọwọ́ ìyá ẹni lo pè ní òórùn yẹn.

Síbẹ̀síbẹ̀, màmá fi ewé létíìsì wé ẹran sísun fún ẹ, wọ́n fi ata sí i, wọ́n sì fọwọ́ ara wọn fi í sí ẹ lẹ́nu. Ta là ń fún lókèlè lẹ́nu, Àníkẹ́? Ṣé àlejò ni?

Ní Sátidé, èmi àti ìwọ la jọ ń lọ sọ́dọ̀ màmá. Ra èso tó dára, páálí kan, ọwọ́ méjèèjì lo máa fi gbé e fún wọn. Tẹrí ba dáadáa. Kó o tó jẹun, sọ pé “jal meokgesseumnida”, pé o máa jẹun dáadáa. Sọ ọ́ kí n gbọ́.

Ó kù díẹ̀. Tún un sọ.