Kòkòrò Jíjẹ: Oúnjẹ Àbáláyé Tó Gba Ọgbọ́n

Ní alẹ́ ọjọ́ tí àkọ́rọ̀ òjò bá rọ̀, kò sí ọmọ tí a tọ́ ní abúlé Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá tàbí Ọ̀nà-Àrà tí kò mọ iṣẹ́ tó kàn. A ó gbé àtùpà sí ìta, a ó gbé abọ́ omi sí abẹ́ rẹ̀, èsúnsún yóò sì máa rọ́ wá síbi ìmọ́lẹ̀. Kí oúnjẹ àárọ̀ ọjọ́ kejì tó délẹ̀, a ó ti fẹ́ ìyẹ́ wọn dànù, a ó sì ti yan wọ́n pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ adùn yìí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí àwọn ọmọ wa ń bi wá lónìí tọ́ sí ìdáhùn: ǹjẹ́ kò séwu níbẹ̀?

Oúnjẹ tí kò yẹ ní ìtìjú

Kí a kọ́kọ́ mú ìtìjú kúrò. Léfítíkù 11:22 ka eéṣú mọ́ ohun tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì lè jẹ, Mátíù 3:4 sì sọ fún wa pé eéṣú àti oyin ni Jòhánù Onítẹ̀bọmi fi ń gbé ara ró ní aginjù. Ní ọdún 2013, àjọ FAO tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì ka irú kòkòrò tí ènìyàn ń jẹ káàkiri ayé sí nǹkan bí 1,900. Ìrẹ̀, èsúnsún, ìdin ọ̀pẹ, àti kànní tó ń jẹ ewé igi ẹ̀mí, gbogbo wọn ló ní èròjà tó ń mú ara dàgbà àti ọ̀rá tó wúlò. Ní ilé tí owó ẹran ti wọ́n, èyí kì í ṣe ohun kékeré.

Ẹ̀kọ́ tí ekùkù kọ́ wa

Síbẹ̀, ilẹ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀ ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí kò yẹ kí a gbàgbé. Láti àwọn ọdún 1950 ni àwọn dókítà ti ń rí àìsàn àjèjì kan ní apá ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ní àsìkò òjò, ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá yóò jẹun tán, lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ara rẹ̀ yóò máa gbọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ti ọ̀mùtí. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń dákú. Ní ọdún 1972, Osuntokun, onímọ̀ àìsàn ọpọlọ ní ilé ìwòsàn UCH Ìbàdàn, kọ̀wé nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó fà á ṣì ṣókùnkùn.

Ní ọdún 1993 ni Dókítà Adamolekun tọ́ka sí ekùkù nínú ìwé ìròyìn The Lancet. Ekùkù ni ìdin tó ń hun òwú sányán, àsìkò òjò sì ni àwọn ènìyàn ń kó o sínú ọbẹ̀. Èròjà kan wà nínú rẹ̀ tó ń ba fítámì B1 jẹ́. Fítámì yìí ni ara fi ń sọ àmàlà, ẹ̀bà àti láfún di agbára fún ọpọlọ. Ẹni tó ń jẹ oúnjẹ onísítáàṣì lójoojúmọ́, tí kì í rí ẹ̀wà tàbí ẹja jẹ dáadáa, díẹ̀ ló ní nínú ara. Bí ekùkù bá tún ba díẹ̀ náà jẹ́, ọpọlọ yóò ké gbàjarè. Ìwádìí tó jáde ní ọdún 1994 fi hàn pé nígbà tí a fún àwọn aláìsàn ní fítámì B1, ara wọn yá ju ti àwọn tí a kò fún lọ. Èyí tó jáde ní ọdún 2000 sì sọ pé èròjà búburú náà kì í tètè kú nínú iná. Ó gbọ́dọ̀ jinná gan-an.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i: ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ kò pé ni ekùkù kọ́kọ́ ń dá lóró. Àìtó oúnjẹ àti kòkòrò ló jọ dá ẹ̀bi náà.

Àwọn ewu mìíràn

Èkíní ni oògùn apakòkòrò. Tata tó kú sórí ẹ̀gẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fín oògùn sí kì í ṣe ẹ̀bùn oko, májèlé ni. Èkejì ni pé ẹni tí ara rẹ̀ kì í gba edé tàbí akàn lè má gba kòkòrò pẹ̀lú. Ní ọdún 2021 tí ilẹ̀ Yúróòpù fọwọ́ sí jíjẹ irú ìdin kan, ìkìlọ̀ yìí gan-an ni wọ́n fi tì í. Ẹ̀kẹta ni ìtọ́jú: kòkòrò gbígbẹ tí omi kàn, tàbí tí a dì sínú ọ̀rá nígbà tí kò tíì gbẹ, lè di ibùgbé kòkòrò àrùn tí ojú kò rí.

Ohun tó yẹ kí a ṣe nílé

1. Ẹ jẹ́ èyí tí ẹ mọ̀ nìkan, láti oko tí ẹ mọ̀ pé a kò fín.
2. Ẹ yọ ìyẹ́ àti ẹsẹ̀ gbọọrọ, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sè é jinná kí ẹ tó yan án.
3. Ẹ fi ẹ̀wà, ẹja tàbí ẹ̀pà kún oúnjẹ àwọn ọmọ, pàápàá ní àsìkò òjò.
4. Bí ẹnì kan bá ń gbọ̀n tàbí tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lẹ́yìn oúnjẹ, tàbí tí ètè rẹ̀ wú, ẹ má ṣe pè é ní àfọwọ́fà ayé. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíá, kí ẹ sì sọ ohun tó jẹ fún dókítà.

Ọlọ́run tó fún wa ní oúnjẹ ló fún wa ní ọpọlọ tí a fi ń yan án. Kí a má ṣe sọ ọ̀kan nù nítorí èkejì.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nínú ilé

Kòkòrò wo ni àwọn òbí àgbà wa ń jẹ, báwo ni wọ́n sì ṣe ń sè é? Èwo nínú àwọn oko àyíká wa ni a ń fín oògùn sí? Kí ni àwọn ọmọ wa ń jẹ mọ́ àmàlà wọn?