Àrùn Àwọn Amòòkùn, àti Yàrá Irin tí A Fi Ń Wò Ó

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àrùn ni ó ń mú ènìyàn nítorí pé ó wọ ibi ewu. Ṣùgbọ́n àrùn kan wà tí kì í fi ọwọ́ kan ènìyàn níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì wà nínú ewu náà, àfi nígbà tí ó bá ti jáde, tí ó sì rò pé òun ti bọ́. Àwọn amòòkùn tí ń fi ẹ̀rọ mí ní ìsàlẹ̀ òkun ni ó ń mú, àti àwọn òṣìṣẹ́ tí ń gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ odò nínú afẹ́fẹ́ tí a fi ẹ̀rọ kì. Ọkùnrin náà yóò gòkè wá ní àlàáfíà, yóò bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, yóò sì máa bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà púpọ̀, kí wákàtí kan tó kọjá, èjìká àti orúnkún rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó kíkankíkan, ara a máa yún un, òòyì a máa kọ́ ọ. Àwọn mìíràn a sì rí i pé ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́.

Kí òǹkàwé lè mọ ìdí rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ rántí pé afẹ́fẹ́ ní ìwúwo, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò mọ̀ ọ́n lára. Nínú òkun, gbogbo mítà 10 tí ènìyàn bá sọ̀kalẹ̀ a máa fi ìwúwo mìíràn, tí ó tó ti gbogbo afẹ́fẹ́ ojú ọ̀run, kún èyí tí ó wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nítorí náà ẹni tí ó wà ní mítà 30 ń ru ìlọ́po 4 ohun tí àwa tí a wà ní etí òkun ń rù. Bí afẹ́fẹ́ tí ó ń mí kò bá le bákan náà bí omi tí ó yí i ká, àyà rẹ̀ kì yóò lè fẹ̀ láti mí. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń kì í fún un. Nínú afẹ́fẹ́ náà, bí ìdá 21 nínú 100 ni ọ́síjìn, èyí tí ẹ̀mí wa gbẹ́kẹ̀ lé. Bí ìdá 78 sì ni náítírójìn, tí a ń mí sínú tí a sì ń mí jáde láìṣe wá ní rere tàbí búburú. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ìwúwo ibú, náítírójìn a máa yọ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀, àti inú ọ̀rá, àti inú mùdùnmúdùn, bí iyọ̀ ti í yọ́ sínú omi. Bí ènìyàn bá sì ti ń pẹ́ sí i níbẹ̀ ni yóò máa pọ̀ sí i, títí ara yóò fi gbà á kún.

Ẹ wo ẹmu tí a rọ sínú ìgò tí a sì dí lẹ́nu pinpin. Níwọ̀n ìgbà tí ìdérí bá wà lórí rẹ̀, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Bí a bá ṣí i lójijì, yóò hó, yóò ru sókè, yóò sì dà sílẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí ó ti yọ́ sínú rẹ̀ ń wá ọ̀nà jáde; ṣùgbọ́n bí a bá tú ìdérí náà díẹ̀díẹ̀, yóò mí jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti ara. Bí ènìyàn bá yára gòkè, ìfófòó wẹ́wẹ́ yóò hó nínú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara rẹ̀. Èyí tí ó bá wà ní oríkèé yóò mú ìrora wá. Èyí tí ó bá dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú ọ̀pá ẹ̀yìn yóò mú àrùn ẹ̀gbà wá. Bí ó bá pọ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró tàbí ọpọlọ, ó lè pa ènìyàn. (Ẹni tí ń sé èémí mòòkùn wa yanrìn nínú ọ̀sà Èkó kò ní ìdí púpọ̀ láti bẹ̀rù èyí, nítorí pé afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ nìkan ni ó gbé lọ, ó sì tètè padà. Ewu tirẹ̀ ọ̀tọ̀ ni.)

Kì í ṣe inú òkun ni a ti kọ́kọ́ fi ojú oníṣègùn wo àrùn yìí, bí kò ṣe lábẹ́ ìpìlẹ̀ afárá àti nínú kòtò èédú. Bí a bá dojú igbá dé, tí a sì tì í wọ inú omi, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kì yóò jẹ́ kí omi kún un. Ọgbọ́n yìí ni àwọn ẹnjiníà lò: wọ́n ṣe àpótí ńlá tí kò ní ìdí, wọ́n rì í mọ́ ìsàlẹ̀ odò, wọ́n fi ẹ̀rọ kì afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ láti lé omi jáde, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń gbẹ́ ilẹ̀ nínú rẹ̀ ní gbígbẹ. Ní ọdún 1854, àwọn oníṣègùn Faransé 2, Pol àti Watelle, ti sọ pé ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá ń jáde ni ó ń san gbèsè rẹ̀. Wọ́n sì kíyèsí i pé bí a bá dá a padà sínú afẹ́fẹ́ kíkì náà, ara a máa tù ú. Ìwòsàn wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ó ju 30 ọdún lọ kí ẹnikẹ́ni tó fi ṣe iṣẹ́ gidi.

Ní àkókò náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ ara wọn nù. Níbi afárá tí a ṣe sórí odò Mississippi ní St. Louis, ní Amẹ́ríkà, àrùn yìí pa ju ènìyàn 10 lọ. Dókítà tí ń tọ́jú wọn, Jaminet, sọ̀kalẹ̀ lọ wo iṣẹ́ náà ní 1870, ó sì gòkè wá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rọ fún ìgbà kan. Ní 1872 ó mú Washington Roebling, ọ̀gá ẹnjiníà afárá Brooklyn ní New York. Orí ìbùsùn ni ó ti ń darí iṣẹ́ náà láti ìgbà náà lọ, aya rẹ̀ Emily ni ó sì ń bá a jíṣẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ títí a fi ṣí afárá náà ní 1883.

Ní 1878, Paul Bert, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi hàn pé náítírójìn ni ó ń hó nínú ara. Òun kan náà ni ó kìlọ̀ pé ọ́síjìn pàápàá, bí a bá kì í jù, a máa mú gìrì wá. Ní nǹkan bí 1890, a ń gbẹ́ ọ̀nà kan lábẹ́ odò Hudson, ní ẹ̀gbẹ́ New York. Nígbà tí ẹnjiníà kan tí a ń pè ní Ernest Moir dé ibẹ̀, nínú àwọn òṣìṣẹ́ tí kò ju 50 lọ, ẹnì kan ń kú ní oṣooṣù. Moir gbé yàrá irin kan kalẹ̀ ní ẹnu iṣẹ́. Ẹni tí àrùn bá mú, a ó tì í mọ́ inú rẹ̀, a ó kì afẹ́fẹ́ sí i, a ó sì máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Láàárín oṣù 15 tí ó tẹ̀lé e, nínú ènìyàn 120, ènìyàn 2 péré ni ó kú.

Ewúrẹ́ ni ó kọ́ wa ní èyí tí ó kù. John Haldane, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó àwọn ewúrẹ́ sínú yàrá irin, ó kì afẹ́fẹ́ mọ́ wọn, ó sì ń wò wọ́n bí wọ́n ti ń jáde. Ewúrẹ́ kò lè sọ ibi tí ó ń dùn ún, ṣùgbọ́n èyí tí ìrora bá mú a máa gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè, kò sì ní fẹ́ fi tẹlẹ̀. Olúsìn ewúrẹ́ kankan kò ní ṣi ìyẹn mọ̀. Láti inú èyí ni òun pẹ̀lú Boycott àti Damant fi ṣe ìlànà tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1908: kí amòòkùn gòkè títí ìwúwo tí ó wà lórí rẹ̀ yóò fi dín sí ìdajì, lẹ́yìn náà kí ó máa dúró ní ìpele kan dé èkejì, kí náítírójìn lè rí àyè jáde pẹ̀lú èémí rẹ̀. A ti tún ìṣirò wọn ṣe nígbà púpọ̀, ṣùgbọ́n orí ìpìlẹ̀ náà ni a ṣì wà.

Ọ́síjìn mímọ́ ni a fi kún ìwòsàn náà lẹ́yìn èyí. Behnke, oníṣègùn ọmọ-ogun ojú omi Amẹ́ríkà, pẹ̀lú Shaw, ni ó dán an wò ní 1937. Ní 1965 Goodman àti Workman sì ṣe ìlànà tí a ń tẹ̀lé títí di òní. A ó mú aláìsàn lọ sí ìwúwo tí ó bá ti mítà 18 nínú òkun mu, yóò sì máa mí ọ́síjìn nìkan. Bí kò ti sí náítírójìn nínú ohun tí ó ń mí, èyí tí ó wà nínú ara rẹ̀ yóò yára jáde. Ọ́síjìn tí ó yọ́ sínú omi ẹ̀jẹ̀ yóò sì dé ibi tí ìfófòó ti dí ọ̀nà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, a ó fún un ní afẹ́fẹ́ lásán fún ìṣẹ́jú 5, nítorí gìrì tí Bert kìlọ̀ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ń gbà tó wákàtí 5.

Ní etí òkun Nàìjíríà, ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún, 2013, ọkọ̀ Jascon-4 dojú dé, ó sì rì sí nǹkan bí mítà 30. Ènìyàn 12 ni ó wà nínú rẹ̀. Harrison Okene, alásè ọkọ̀ náà, nìkan ni ó yè, nítorí pé afẹ́fẹ́ díẹ̀ há sínú ọkọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí ti igbá tí a dojú rẹ̀ dé. Nígbà tí ó tó bí wákàtí 60, àwọn amòòkùn tí ó wá gbé òkú bá a láàyè. Ẹ rò ó wò bí ìdùnnú yóò ti mú kí ènìyàn fà á gòkè kíákíá! Ìyẹn ìbá sì pa á, nítorí pé ara rẹ̀ ti gba náítírójìn kún. Wọ́n dé e ní àṣíborí amòòkùn, wọ́n mú un wọ inú agogo irin tí a fi ń gbé amòòkùn gòkè, láìdín ìwúwo náà kù, wọ́n sì gbé e lọ sí yàrá irin inú ọkọ̀ wọn. Ó lé ní ọjọ́ 2 kí a tó ṣílẹ̀kùn fún un. Okene padà kọ́ iṣẹ́ amòòkùn fúnra rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo amòòkùn ni ó ní yàrá bẹ́ẹ̀ nítòsí. Ní Honduras, ọ̀pọ̀ àwọn ọkùnrin Miskito tí ń wá edé ńlá nínú òkun fún títà sí ilẹ̀ òkèèrè ti di arọ, nítorí pé a ń rán wọn lọ sí ibú léraléra láìsí ẹ̀kọ́ àti láìsí irinṣẹ́ tí ó péye. Ní 2021 ilé-ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn ti àwọn ilẹ̀ Amẹ́ríkà dájọ́ lórí ọ̀ràn ènìyàn 42 nínú wọn, ó sì di ẹ̀bi ru ìjọba ilẹ̀ náà.

A tún ń lo yàrá irin yìí fún ẹni tí èéfín èédú tàbí ti ẹ̀rọ amúnáwá ti fẹ́rẹ̀ pa nínú yàrá tí a tì, àti fún irú egbò ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ kan tí ó kọ̀ láti jinná. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ń polówó rẹ̀ fún jẹjẹrẹ àti fún àrùn gbogbo. Àjọ tí ń bójútó oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa wọn ní 2013, kí òǹkàwé má sì ṣe kó owó rẹ̀ fún wọn.

Ẹni tí ọmọ tàbí arákùnrin rẹ̀ bá ń ṣe iṣẹ́ amòòkùn, kí ó mọ èyí. Kí amòòkùn má ṣe sé èémí bí ó ti ń gòkè, nítorí ẹ̀dọ̀fóró lè ya. Kí ó má ṣe wọ ọkọ̀ òfuurufú títí ọjọ́ kan gbáko yóò fi kọjá. Bí ìrora oríkèé, ara kíkú tàbí òòyì bá mú un lẹ́yìn iṣẹ́, kí a tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, kí a fún un ní ọ́síjìn mímọ́ bí ó bá wà, kí a sì gbé e lọ sí ibi tí yàrá irin wà, àní bí ìrora náà bá tilẹ̀ ń lọ. Kí a má ṣe tún dá a padà sínú omi láti fi wò ó sàn.