Bí A Ṣe Gbé Géèmù Doom Wọ Inú Ẹ̀rọ Tí Ó Kéré sí I

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ní ọjọ́ Sátidé kan tí mo ń kọjá ní Adum, ní àárín gbùngbùn ìlú Kumasi, mo yà sí ìsọ̀ ọkùnrin kan tí ń ta ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ní ìtòsí Prempeh II Street. Nínú páálí tí ó kó wáyà àti rímóòtù sí, mo rí kátíríìjì pupa kan tí a kọ DOOM sí lára. Mo mọ géèmù náà dáadáa, ṣùgbọ́n orí kọ̀ǹpútà ni mo mọ̀ ọ́n sí. Èyí tí mo mú lọ́wọ́ jẹ́ ti Super Nintendo, ẹ̀rọ géèmù tí a ń so mọ́ tẹlifíṣàn, tí ó kọ́kọ́ jáde ní Japan ní ọdún 1990, ọdún mẹ́ta ṣáájú Doom fúnra rẹ̀. Mo bi ara mi léèrè pé: báwo ni àgbàlagbà ṣe ru ẹrù tí a dì fún ọ̀dọ́?

Ìbéèrè náà ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú yín, ìbáà ṣe ará Ghana, Togo, Benin tàbí Nàìjíríà, ni yóò lọ kọ́ni níbi tí ẹ̀rọ ti gbó.

Doom jẹ́ géèmù ìbọn yíyìn tí ilé-iṣẹ́ id Software ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1993. Ẹni tí ń ṣe eré náà ń rí ìbọn ọwọ́ ara rẹ̀ níwájú, ó sì ń rìn láti yàrá dé yàrá láàárín àwọn ẹ̀mí èṣù tí ń wá a kiri. Kọ̀ǹpútà tí yóò gbà á gbọ́dọ̀ ní ìrántí mẹ́gábáìtì 4. Ní ti Super Nintendo, kìlóbáìtì 128 péré ni ìrántí iṣẹ́ rẹ̀, èyí tí í ṣe ìdá kan nínú 32. Ọpọlọ rẹ̀ kì í sì í lù ju nǹkan bí ìgbà mílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀ lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ìṣòro mìíràn tún wà tí kò hàn sójú. Nínú kọ̀ǹpútà, àmì kékeré kọ̀ọ̀kan tí a fi ń ya àwòrán ní ààyè tirẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà àwọ̀ síbẹ̀, ó parí. Ṣùgbọ́n a ṣe Super Nintendo láti máa to àwòrán onígun mẹ́rin kéékèèké, àmì 8 ní ìbú, 8 ní òró, bí ẹni ń to táìlì sílẹ̀. Ó sì ń fọ́ nọ́ńbà àwọ̀ àmì kọ̀ọ̀kan sí wẹ́wẹ́, ó ń pín in sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ pa àwọ̀ àmì kan ṣoṣo dà dàbí ẹni tí ó fẹ́ gba cedi kan, ṣùgbọ́n tí ó ní láti lọ gba pésẹ́wà mẹ́wàá-mẹ́wàá ní ilé mẹ́wàá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Doom ṣe ń mọ ohun tí ó yẹ kí ojú rí, nítorí ibẹ̀ ni ọgbọ́n pọ̀ sí jù. Ẹ dúró pẹ̀lú mi ní ẹ̀bá títì kan ní Adum. Ìsọ̀ tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ wa lè bo ti òdìkejì títì mọ́ wa lójú, ṣùgbọ́n ti òdìkejì kò lè bo ti ẹ̀gbẹ́ wa láéláé. Títì kan ṣoṣo ti pín gbogbo àdúgbò sí iwájú àti ẹ̀yìn. Ẹ fi ọ̀nà tóóró pín ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan sí méjì, kí ẹ sì tún un pín, títí yóò fi ku ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà náà, ibikíbi tí ẹ bá dúró sí, ẹ ó lè to àwọn ìsọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn láìfi okùn wọn ilẹ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni John Carmack, olórí àwọn tí ó kọ ètò Doom, ṣe pín ògiri géèmù náà. A ti parí ìpín yìí kí géèmù tó dé ọwọ́ ẹni tí ó rà á. Ẹ̀rọ kàn ń tẹ̀lé e ni. Ògiri tí ó súnmọ́ ni ó ń kọ́kọ́ yà, ibi tí ó bá sì ti kún lójú àwòrán, kì í padà síbẹ̀ mọ́.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni ibi tí Carmack ti kọ́kọ́ lo ọgbọ́n yìí, tí àwọn onímọ̀ ti kọ sínú ìwé ṣáájú rẹ̀. Kì í ṣe inú ẹ̀rọ alágbára. Ní ọdún 1993, wọ́n dá iṣẹ́ Doom dúró fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ láti gbé Wolfenstein 3D, géèmù wọn ti ọdún 1992, wọ inú Super Nintendo yìí kan náà. Ọ̀nà tí wọ́n ti ń gbà yàwòrán tẹ́lẹ̀ lọ́ra jù níbẹ̀. Ìlọ́ra náà ni ó lé Carmack dé ibi ọgbọ́n pípín, kí ó tó mú un padà wá sínú Doom. (Nintendo kò fẹ́ ẹ̀jẹ̀ nínú Wolfenstein, ajá tí ń buni jẹ níbẹ̀ sì di eku ńlá! Ẹni tí ó bá ti gbé ìtàn láti èdè kan sí òmíràn rí mọ irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀.)

Nígbà tí ó kan Doom, Randy Linden ni ó dáwọ́ lé e. Kò ní ètò tí Carmack kọ lọ́wọ́ nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Ó lo àkọsílẹ̀ tí àwọn olólùfẹ́ géèmù náà ti ṣe nípa bí fáìlì rẹ̀ ṣe tò, ó yọ àwòrán inú rẹ̀ jáde, ó sì tún gbogbo ètò kọ láti ìpìlẹ̀. Kò rí irinṣẹ́ tí ó bá iṣẹ́ náà mu, ó sì ṣe tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà Amiga. Ó tú kátíríìjì géèmù Star Fox nítorí ṣíìpù inú rẹ̀, ó tún ọwọ́ ìdarí géèmù ṣe kí Amiga àti Super Nintendo lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àwọn tí ń tún fóònù ṣe ní Adum yóò kà á sí ará ilé. Nígbà tí ó ní ohun tí ó ṣeé wò, ó fi han Sculptured Software, ilé-iṣẹ́ tí ó ń bá ṣiṣẹ́, géèmù náà sì jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1995.

Ṣíìpù tí mo dárúkọ yẹn ni Super FX, iṣẹ́ ọwọ́ ilé-iṣẹ́ Argonaut ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Inú kátíríìjì ni ó ń gbé, nítorí náà ẹni tí ó ra géèmù ra olùrànlọ́wọ́ mọ́ ọn. Irú rẹ̀ kejì, tí Doom lò, ń lù ní ìgbà mílíọ̀nù 21 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ní àṣẹ kan tí ń fọ́ nọ́ńbà àwọ̀ sí wẹ́wẹ́ fúnra rẹ̀. Òun ni ó ń bá wa dé ilé mẹ́wàá. Síbẹ̀ ẹnu ọ̀nà tí àwòrán ń gbà dé tẹlifíṣàn há; nítorí náà Linden sọ fèrèsé eré di kékeré, ó sì sọ àmì kọ̀ọ̀kan di méjì ní ìbú.

Kí ni ó fi sílẹ̀? Àwòrán ara ilẹ̀ àti ti àjà lọ. Àwọ̀ lásán ni ó kùn wọ́n. Ìdí rẹ̀ nìyí: òòró-òòró ni a ń ya ògiri, gbogbo àmì tí ó wà lórí òòró kan sì jìnnà sí wa bákan náà, nítorí náà ìṣirò kan ń tó fún gbogbo wọn. Ilẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀; ìṣirò mìíràn ni yóò gbà, ààyè tí ó ń gbà lójú àwòrán sì pọ̀. Àwọn ọ̀tá, tí a ń rí láti ìhà mẹ́jọ lórí kọ̀ǹpútà, kọjú sí wa nígbà gbogbo, nítorí mẹ́gábáìtì 2 ni gbogbo kátíríìjì náà. Nínú ìpele 27, ó mú 22. Ohun tí ó kọ̀ láti gé ni ìlà ilé náà. Ẹ̀rọ Jaguar, tí ó dé lẹ́yìn Super Nintendo tí ó sì lágbára jù ú lọ, gba Doom ní ọdún 1994 pẹ̀lú ilé tí a ti gé kúrú. Ti Linden tẹ̀lé ti kọ̀ǹpútà, ó sì ní àwọn ẹ̀mí èṣù ńlá méjì tí Jaguar kò ní.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fi iṣẹ́ yìí ṣe ẹlẹ́yà. Òótọ́ ni pé ó lọ́ra, ó sì ṣókùnkùn. Ní tèmi, ohun kan ṣoṣo ni n kò lè dárí rẹ̀ jì í: kò sí ọ̀nà láti pa ibi tí a dé mọ́. Ẹni tí iná bá kú mọ́ lórí yóò tún bẹ̀rẹ̀.

Mo ní ìdí tí mo fi ń gbèjà rẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan tí mo ń kọ́ mú kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan wá bá mi, ó ní òun fẹ́ fi kọ géèmù kan. N kò tilẹ̀ bi í léèrè ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀. Mo wo ara ẹ̀rọ náà, mo ní, "Èyí kò lè ṣe é." Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà," ó sì gbé e lọ. Kò mú un wá sí kíláàsì mi mọ́.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ó yẹ kí n mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá mi àgbà ń ránṣọ ní Kumasi nígbà tí àṣẹ ìjọba Busia dé ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, tí a fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti jáde. Orí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ni ó gbé dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ó fi tábìlì àti ẹsẹ̀ irin rẹ̀ sílẹ̀. Kí ọdún tó yí po, káfíńtà ti ṣe tábìlì mìíràn fún un.

Linden gbé ètò tí ó kọ síta fún gbogbo ayé ní ọdún 2020. Ní ọdún 2024, a kéde pé ó ti padà sídìí iṣẹ́ náà pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ Limited Run Games, láti fi ṣíìpù tuntun dá díẹ̀ padà nínú ohun tí ó fi sílẹ̀. Mo ra kátíríìjì pupa náà. Mo sì ti ránṣẹ́ sí ọmọ náà pé kí ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá. Ó ní òun yóò kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ṣì ń tàn.