Kànáfùrù: Orírun àti Ìtumọ̀ Orúkọ Kan

1. Ìfáárà

Ní Ìsọlọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ọjà ilẹ̀ Yorùbá, àwọn eléwé ọmọ a máa ta kànáfùrù fún ẹni tí eyín ń dùn àti ẹni tí ó fẹ́ se àgbo. Bí orúkọ yìí yóò bá wọ ìwé sáyẹ́ǹsì, ṣé kí a pa á mọ́ ni, tàbí kí a ṣẹ̀dá òmíràn tí ìtumọ̀ rẹ̀ hàn gbangba? Ìtàn rẹ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù tan ìmọ́lẹ̀ sí ìbéèrè náà.

2. Orírun

Qaranful ni Lárúbáwá ń pè é, kanumfari ni Haúsá. Kọ́ńsónáǹtì ni ó parí ti Lárúbáwá. Haúsá àti Yorùbá fi fáwẹ̀lì parí tiwọn, l sì di r nínú méjèèjì. Karyophyllon ni ti Gíríìkì. Bí a bá tú u, ‘ewé èso’ ni. Ṣùgbọ́n kànáfùrù kì í ṣe ewé, kì í sì í ṣe èso: ìrudi òdòdó tí a sá gbẹ ni. Erékùṣù Mòlúkà ní Indonéṣíà ni igi rẹ̀ ti ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé láti ìhà ìlà-oòrùn ni orúkọ náà ti dé ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì, tí wọ́n sì tún un ṣe kí ó lè jọ ọ̀rọ̀ tiwọn.

3. Ìtumọ̀ ní Yúróòpù

Láti ara ti Gíríìkì ni girofle ti Faransé àti garofano ti Ítálì ti wá. Ìrísí ni àwọn mìíràn wò. Clavo ní èdè Spéènì àti cravo ní èdè Potogí jẹ́ ‘ìṣó’. Nelke ti Jámánì jẹ́ ‘ìṣó kékeré’. Clove ti Gẹ̀ẹ́sì wá láti ara clou, ìṣó àwọn Faransé.

Nígbà tí ó yá, òdòdó kan tí òórùn rẹ̀ jọ ti kànáfùrù gba orúkọ náà. Cravo àti Nelke di orúkọ méjèèjì. Ní Ítálì, òdòdó ni garofano ń jẹ́ báyìí. Ẹni tí ó bá ń fẹ́ kànáfùrù yóò ní láti sọ pé chiodi di garofano, ‘ìṣó garofano’. Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì pàápàá kò yọ: ní 1753, Linnaeus pe kànáfùrù ní Caryophyllus aromaticus, ó sì pe òdòdó náà ní Dianthus caryophyllus. Lónìí, Syzygium aromaticum ni kànáfùrù ń jẹ́. Òdòdó náà ṣì di orúkọ tirẹ̀ mú.

4. Àgbálọgbábọ̀

Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Orúkọ tí ó ṣeé tú kò dá ìtumọ̀ dúró ní Yúróòpù. Kànáfùrù kò ṣeé tú ní Yorùbá, síbẹ̀ ohun tí ó ń tọ́ka sí kò rú ọlọ́jà lójú. Nítorí náà, kí a fi kànáfùrù pe ìrudi gbígbẹ ti Syzygium aromaticum. Kí a pe igi rẹ̀ ní igi kànáfùrù. Kí a pe òróró rẹ̀, tí èròjà yújínọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ń mú kí ara eyín kú tipiri, ní òróró kànáfùrù. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, orúkọ tí ọmọ Ìsọlọ̀ gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ ni yóò bá nínú ìwé.