Ìyàtọ̀ láàárín "fi síwájú" àti "sún síwájú"

Nínú iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe ọjà tuntun, ìyẹn ohun èlò tàbí ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fẹ́ gbé jáde fún aráàlú, èyí tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ló máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù, nítorí pé owó, àkókò àti òṣìṣẹ́ kì í ká gbogbo ohun tó wù wọ́n. Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tó tó fún irú ìpinnu bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ya mẹ́rin nínú wọn sọ́tọ̀, kí ètò má baà dojú rú.

Bí a bá fi nǹkan síwájú, òun ló jẹ wá lógún jù, òun la ó sì kọ́kọ́ mú ṣe. Bí a bá sún un síwájú, a ti yẹ ọjọ́ rẹ̀ nìyẹn, gẹ́gẹ́ bí àjọ INEC ti sún ìdìbò ààrẹ Nàìjíríà síwájú láti ọjọ́ 16 sí ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 2019. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ló yà wọ́n, síbẹ̀ ẹni tó bá ṣì wọ́n lò yóò dá iṣẹ́ tó kánjú jù dúró. Yááfì ni kí a mọ iyì ohun kan, kí a sì jọ̀wọ́ rẹ̀ nítorí òmíràn. Pa tì ni kí a gbàgbé rẹ̀ tàbí kí a má kà á sí.

Ìtàn fóònù iPhone àkọ́kọ́, tó jáde lọ́dún 2007, fi ìyàtọ̀ yìí hàn. Ilé iṣẹ́ Apple yááfì bọ́tìnì gidi, irú èyí tó wà lára BlackBerry, kí ojú fóònù lè gbòòrò. Nígbà tí kíbọ́ọ̀dù tí a ń fi ìka tẹ̀ lójú fóònù kò wá ṣeé lò dáadáa, wọ́n fi í síwájú lọ́dún 2005, wọ́n sì ní kí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tó ń kọ ètò náà fi iṣẹ́ yòókù sílẹ̀ ná. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn àgbà ṣe ń sọ pé kí a kọ́kọ́ lé akátá jìnnà, kí a tó fàbọ̀ bá adìẹ. Ṣíṣe ẹ̀dà ọ̀rọ̀ láti lẹ̀ ẹ́ síbòmíràn ni wọ́n sún síwájú, nítorí pé àkókò kò sí, kò sì dé ọwọ́ aráàlú títí di oṣù kẹfà ọdún 2009.

Nítorí náà, nínú ìwé ètò iṣẹ́, ó yẹ kí "sún síwájú" ní ọjọ́ tàbí ìgbà tó ń tẹ̀ lé e, kí "yááfì" sì ní "nítorí" tàbí "kí . . . lè" lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí kò bá ní ọjọ́, tí kò sì ní ìdí, a ti pa á tì ni, ó sì yẹ kí ìwé náà sọ bẹ́ẹ̀.