Fáìlì Inú Ìrántí: Níbo Ló Yẹ Kí Ohùn Olóhùn Wà?

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè tí à ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ káàkiri Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko ló yẹ kí òwe yìí kọ́kọ́ bá wí. Ojú mi ni mo fi rí ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ pín pẹ̀lú yín lónìí.

Fún iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá mi, mo fi Python kọ ètò kékeré kan. Tkinter ló ń bá mi ṣe fèrèsé àti bọ́tìnnì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ márùn-ún ló wà lójú fèrèsé náà: igba (iye), igbá (ohun èlò), ìgbà (àkókò), ìgbá (èso) àti igbà (okùn tí a fi ń gun ọ̀pẹ). Bí ẹ bá tẹ ọ̀kan, ètò á gé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta níbi tí ìyá Àwórì kan ní Ìbà ti lo ọ̀rọ̀ náà, á gbé ohùn náà jáde, á sì ya àwòrán rẹ̀. Ìyá gbà kí n gba ohùn àwọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò gbọdọ̀ kọjá èmi àti olùkọ́ mi, nítorí ọ̀rọ̀ ilé wọn ni wọ́n fi ń ṣe àpẹẹrẹ.

Ibi tí mo ti ṣìṣe

Ètò mi àkọ́kọ́ máa ń kọ ègé ohùn kọ̀ọ̀kan sínú fóòdà Temp kí ó tó gbé e jáde. Mo fẹ́ kọ ìlà tí yóò máa pa wọ́n rẹ́, mo gbàgbé. Lọ́jọ́ tí kọ̀ǹpútà mi bàjẹ́, mo lọ ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ní Okokomaiko. Mo yọ fláàṣì mi, mo lọ. Nígbà tí mo padà débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ohùn ìyá ni mo gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà. Ègé ìgbà tí ọkọ wọn ta ilẹ̀ ló ń dún. Ọmọkùnrin kan tó ń wá orin ló rí i, ó ń tẹ̀ ẹ́ ní àtẹ̀túntẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Kí ni fáìlì inú ìrántí?

Dísíìkì dà bí àpótí: ohun tí a bá kó sí i wà níbẹ̀ títí a ó fi kó o kúrò. Ìrántí kọ̀ǹpútà, ìyẹn RAM, dà bí àtẹ́lẹwọ́: ó yá, ṣùgbọ́n bí oorun bá gbé ni lọ, ohun tó wà níbẹ̀ á jábọ́. Fáìlì inú ìrántí ni èyí tí ètò lè kà, tó sì lè kọ sí bíi fáìlì gidi, ṣùgbọ́n tí kò sí nínú fóòdà kankan. Nínú Python, `io` ló ń pèsè rẹ̀: `StringIO` fún ọ̀rọ̀, `BytesIO` fún ohùn àti àwòrán.

```
faili = io.BytesIO()
with wave.open(faili, "wb") as w:
    w.setparams(ilana)
    w.writeframes(ege)
faili.seek(0)
```

Ẹ wo ìlà tó gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn kíkọ, ìparí fáìlì ni ètò dúró sí; bí ẹ bá pe `read`, kò ní rí nǹkan kan. `seek(0)` ló ń dá a padà síbẹ̀rẹ̀.

Lórí Windows, `winsound.PlaySound` á gbé ohùn jáde bí ẹ bá fún un ní `faili.getvalue()` àti `SND_MEMORY`. Àmọ́ fèrèsé yóò takú títí ohùn yóò fi parí, nítorí náà ẹ fi iṣẹ́ náà sínú `threading`. Ní ti àwòrán, `savefig` ti matplotlib lè kọ PNG sínú `BytesIO`, `PhotoImage` á sì gbà á pẹ̀lú `data=`. Ẹ so àwòrán náà mọ́ nǹkan tí yóò pẹ́, bíi `aami.aworan = aworan`; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Python á kó o dànù, àyè òfìfo lẹ ó sì rí.

Ẹ má kó gbogbo ohùn sínú ìrántí o. Ohùn mono oní-bit 16, tí a gbà sílẹ̀ ní 44,100 lójú àáyá, ń gba byte 88,200 ní àáyá kan. Ègé àáyá mẹ́ta jẹ́ 264,600; wákàtí kan lé ní mílíọ̀nù 317.

Àṣejù

Lẹ́yìn èyí, mo kó àmì ohùn tí mo ń fi sórí ọ̀rọ̀ pàápàá sínú `StringIO`, pé màá fi pamọ́ bí mo bá parí. Iná lọ, bátìrì mi kò sì gbé e. Iṣẹ́ ọ̀sán kan pòórá. Nísinsìnyí, `fi_pamo` ń kọ àmì wọ̀nyẹn sórí fláàṣì mi, ó sì ń fi `after(60000, fi_pamo)` pe ara rẹ̀ padà ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan.

Ìrántí kì í ṣe àgádágodo: bí ó bá kún, Windows lè kó díẹ̀ nínú rẹ̀ sórí dísíìkì. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kọ fáìlì kan, ẹ bi ara yín: ta ló ni ín, báwo ló sì ṣe yẹ kó pẹ́ tó? Ohun tí a ń lò kọjá, ìrántí ni. Òógùn wa, dísíìkì ni, lórí ẹ̀rọ tiwa.

Mo padà lọ bẹ ìyá. Wọ́n bi mí pé ṣé ó ti kúrò níbẹ̀. Mo ní mo ti pa á rẹ́. Wọ́n tún bi mí bóyá ẹnikẹ́ni ti dà á kọ, n kò sì rí èsì fọ̀.