Bí Fáírọ́ọ̀sì Lassa Ṣe Ń Wọ Inú Sẹ́ẹ̀lì Wa

Sẹ́ẹ̀lì ló para pọ̀ di ara wa. Ó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i, síbẹ̀ òun náà ni ẹran, òun ni ẹ̀dọ̀, òun ni ọpọlọ. Awọ tín-ín-rín kan tó jẹ́ ọ̀rá ló bo sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, awọ yìí kì í sì í gba gbogbo ohun tó bá kàn án láyè. Oúnjẹ ní ojú ibi tó ń gbà wọlé, ìdọ̀tí ní ibi tó ń gbà jáde.

Fáírọ́ọ̀sì kò ní ẹnu, kò ní ikùn, kò sì lè dá bí irú ara rẹ̀. Àfi tó bá ráyè wọ inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dá mìíràn, kí ó fipá mú sẹ́ẹ̀lì náà ṣiṣẹ́ fún òun. Bí kò bá rí ọ̀nà wọlé, kò lè ṣe wá ní ohunkóhun. Báwo ló ṣe wá ń wọlé?

Ẹ jẹ́ kí a fi fáírọ́ọ̀sì ibà Lassa ṣàlàyé, nítorí ibà náà kò jìnnà sí wa. Ìlú Lassa, ní ìpínlẹ̀ Borno, ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá a mọ̀ lọ́dún 1969, lẹ́yìn tí ó mú àwọn nọ́ọ̀sì míṣọ́nnárì. Lónìí, Ọ̀wọ̀ àti agbègbè rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára ibi tí ó ti ń jà jù ní Nàìjíríà. Eku olọ́mú púpọ̀ ló ń gbé e kiri. Fáírọ́ọ̀sì náà wà nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku yìí. Bí eku náà bá tọ̀ sórí láfún tí a sá sí ẹ̀bá títì, tàbí tó kó wọ inú àpò gààrí tí a kò dì lẹ́nu, ó ti fi àrùn síbẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ń pa eku náà fún ọbẹ̀ lè kó o láti inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Fáírọ́ọ̀sì Lassa ní ẹ̀wù lọ́rùn, ẹ̀wù náà kì í sì í ṣe tirẹ̀. Nígbà tó ń jáde nínú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti ṣẹ̀dá rẹ̀, ó gé lára awọ ọ̀rá sẹ́ẹ̀lì ọ̀hún, ó sì fi bora. Ọ̀rá ara eku tàbí ọ̀rá ara èèyàn ló ń wọ̀ kiri. Kì í ṣe gbogbo fáírọ́ọ̀sì ló ní irú ẹ̀wù yìí. Èyí tó ń fa àrùn rọpárọsẹ̀ kò ní in, ṣùgbọ́n ti Ẹ̀bólà, HIV àti kòrónà ní in. Ohun tí fáírọ́ọ̀sì fi kún ẹ̀wù náà ni àwọn ẹ̀gún kéékèèké tó jẹ́ purotéènì. Ẹ̀gún wọ̀nyí ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ìwọlé.

Purotéènì kan wà lára sẹ́ẹ̀lì wa tó ń jẹ́ dystroglycan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó mú sẹ́ẹ̀lì dúró gbọn-in sí àyè rẹ̀. Lọ́dún 1998 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí i pé òun gan-an ni fáírọ́ọ̀sì Lassa ń dì mú. Bó bá ti dì í mú, awọ sẹ́ẹ̀lì yóò tẹ̀ wọnú, yóò yí fáírọ́ọ̀sì ká, yóò sì já sínú bí àpò kékeré. Ọ̀pọ̀ èèyàn yóò rò pé ó ti wọlé nìyẹn. Rárá o. Awọ ọ̀rá ṣì wà láàárín òun àti inú sẹ́ẹ̀lì gan-an. Àpò náà sì ń lọ sí ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń pa nǹkan run. Bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni omi inú rẹ̀ ń kan sí i.

Ibi tó yà mí lẹ́nu jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé kíkan tó yẹ kó pa fáírọ́ọ̀sì ni fáírọ́ọ̀sì fi ń mọ̀ pé àkókò tó. Bí omi náà bá ti kan dé ìwọ̀n kan, ẹ̀gún á jáwọ́ lára dystroglycan, á lọ di purotéènì mìíràn mú, èyí tó ń jẹ́ LAMP1, tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ níbẹ̀ ló ń gbé. Orí ẹ̀gún á wá já bọ́. Èyí tó kù á nà gùn, á sì gún awọ àpò náà. Ní báyìí, ìdí rẹ̀ wà nínú ẹ̀wù fáírọ́ọ̀sì, ṣóńṣó rẹ̀ wà nínú awọ sẹ́ẹ̀lì. Ni yóò bá ká padà sórí ara rẹ̀. Bó ṣe ń ká ló ń fa awọ méjèèjì súnmọ́ra, títí omi tó wà láàárín wọn yóò fi fún jáde tán.

Ẹ wo epo lójú ọbẹ̀: bí ẹ̀kán méjì bá fara kanra, wọn á di ọ̀kan, a kò sì ní rí ojú ibi tí wọ́n ti pàdé mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀wù fáírọ́ọ̀sì àti awọ sẹ́ẹ̀lì ṣe ń di ọ̀kan, nítorí ọ̀rá kan náà ni wọ́n. Ìpele méjì ni awọ ọ̀rá kọ̀ọ̀kan ní; àwọn tó kọjú síra ló kọ́kọ́ ń dàpọ̀, àwọn yòókù á tẹ̀lé e, ihò kékeré á là, ihò á fẹ̀. Ohun tó wà nínú fáírọ́ọ̀sì á sì kọjá sínú sẹ́ẹ̀lì. Ìgbà yìí ló tó wọlé.

Adìẹ fi hàn wá bí LAMP1 ti ṣe pàtàkì tó. Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti mọ̀ pé fáírọ́ọ̀sì Lassa kì í ràn nínú sẹ́ẹ̀lì adìẹ, ṣùgbọ́n ọdún 2014 ni wọ́n tó mọ ìdí rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì náà ń di dystroglycan ti adìẹ mú dáadáa. Ìsàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń wọ́. Ojú ibì kan wà lára LAMP1 tiwa tí ṣúgà lẹ̀ mọ́, ti ẹyẹ kò ní in. Nítorí ibì kan ṣoṣo yẹn, fáírọ́ọ̀sì kò rí nǹkan dì mú mọ́. HIV náà nílò ohun ìdìmú méjì, CD4 àti CCR5, àwọn tí a bí láìní CCR5 tó pé kì í sì í sábà kó o.

Ẹ̀wù ọ̀rá yìí kan náà ló jẹ́ kí ọṣẹ lágbára lórí fáírọ́ọ̀sì Lassa. Ọṣẹ máa ń tú ọ̀rá ká. Bí ẹ̀wù bá ti ya, ẹ̀gún á fọ́n ká, fáírọ́ọ̀sì kò sì ní ohun tí yóò fi wọlé mọ́. Ìdí nìyí tí fífi omi nìkan ṣan ọwọ́ lẹ́yìn tí a tọ́jú aláìsàn kò fi tó.

Ṣùgbọ́n ọṣẹ kò lè dé inú ẹ̀jẹ̀, kò sì tíì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà Lassa tí ìjọba fọwọ́ sí fún gbogbo ènìyàn. Ẹ̀gún náà ni àwọn olùṣèwádìí ń lépa. Lọ́dún 2017, wọ́n fi àwòrán hàn bí ọmọ ogun ara kan (purotéènì tí ara fi ń gbógun ti àrùn), tí wọ́n rí láti inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ibà Lassa mú tó sì yè é, ṣe ń lẹ̀ mọ́ ìdí ẹ̀gún. Ó ń di àwọn ẹ̀yà ẹ̀gún náà pọ̀ pinpin, débi pé bí omi inú àpò tilẹ̀ kan, ẹ̀gún kò lè nà, kò sì lè gún awọ.